Valid Ni, Ó sì Ṣìnà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì Wò

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé rí i pé Google kò ṣí fún wọn mọ́. Nǹkan kan ò ṣe Google. Sáfà wọn ń ṣiṣẹ́, iná wọn ń tàn. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló yà bàrá: ó gba Rọ́ṣíà, ó gba Ṣáínà, ó wá forí lé Èkó níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti múra sílẹ̀ de irú ẹrù bẹ́ẹ̀. MainOne, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní Èkó, ló ń tún nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, asẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu ráútà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ẹrù láti nẹ́tíwọọ̀kì kan sí òmíràn, ò sì dúró bó ṣe yẹ. Ó ń gba àwọn ìdì àdírẹ́sì Google lọ́wọ́ Google fúnra rẹ̀ ní IXPN, ibùdó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé ní Èkó. Igba ó lé méjìlá nínú àwọn ìdì náà jò lọ sọ́dọ̀ China Telecom. China Telecom gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì tà á látaré fún TransTelecom ti Rọ́ṣíà. Ìṣẹ́jú 74 kọjá kó tó lójú. MainOne jáde sọ pé àṣìṣe ni, pé ìṣètò asẹ́ àwọn ló ṣì.

Láti ìgbà náà wá, ìmọ̀ràn kan ló ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ààbò ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ lọ ṣe ROA yín." ROA ni ìwé àṣẹ tó ń sọ nẹ́tíwọọ̀kì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde ìdì àdírẹ́sì kan. Ìmọ̀ràn gidi ni, ó sì ti wọ èèyàn létí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àtẹ tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ju ìdajì ọ̀nà IPv4 (ẹ̀yà àdírẹ́sì àtijọ́; IPv6 ni tuntun) lọ tó ti ní ROA. Ṣùgbọ́n ká ní ROA wà lórí gbogbo ìdì Google lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí gbogbo ráútà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Mọ́sìkò sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, Valid, ìyẹn "ó bá àṣẹ mu", ni wọn ì bá rí. Valid, ẹrù sì ń lọ sí Èkó. Amúkùn-ún ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ROA ṣe rí nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ ló ń wò, kò wo ibi tó gbà kọjá.

Ráútà ń gba aládùúgbò gbọ́

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nẹ́tíwọọ̀kì kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọọ̀kì ló so kọ́ra, olúkúlùkù ló sì ní nọ́ńbà tó ń jẹ́ ASN. AS15169 ni ti Google, AS37282 ni ti MainOne. BGP ni èdè tí ráútà wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì kan á kéde fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ẹrù tó bá ń lọ sí ìdì àdírẹ́sì báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni kí o gbé e wá." Aládùúgbò á fi nọ́ńbà tirẹ̀ síwájú, á sì kéde rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ìkéde ṣe ń rìn ni ìlà nọ́ńbà yẹn ń gùn, òun là ń pè ní AS path. Ẹni tó wà ní ìparí lápá ọ̀tún ló ní òun ni olóko. Ìlà tí àwọn tó ń ṣọ́ BGP rí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí:

20485 4809 37282 15169

TransTelecom, China Telecom, MainOne, Google. Ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kò sí ibì kan nínú BGP tó ti ń béèrè ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1989, àwọn tó ń lò ó mọ ara wọn lójúkojú. Lónìí tábìlì ọ̀nà IPv4 ń lọ sí bíi mílíọ̀nù kan ìlà, ìgbàgbọ́ ayé ọjọ́sí náà la ṣì ń lò.

Ohun kejì tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni pé ìdì tó kéré jù ló máa ń borí. Ìdì tí a kọ ní /22 ní àdírẹ́sì 1,024 nínú. /24 ní 256. Bí ráútà bá gbọ́ ọ̀nà méjì sí àdírẹ́sì kan, ọ̀kan látinú /22, èkejì látinú /24, /24 ló máa tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ pé òpin ayé ló ti wá. Ohun tó bá YouTube fínra nìyẹn ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008. Ìjọba Pakistan ní kí wọ́n dí YouTube mọ́ àwọn ará ilẹ̀ wọn, Pakistan Telecom bá kéde 208.65.153.0/24 kí ẹrù tó ń lọ síbẹ̀ lè sọnù sínú ilé. Ìkéde ilé jáde síta, ó dé ọ̀dọ̀ PCCW tí wọ́n ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, PCCW sì sọ fún gbogbo ayé. YouTube ń kéde 208.65.152.0/22 ní tirẹ̀. Kíá ni /24 gba ẹrù náà. Agogo 18:47 UTC ló bẹ̀rẹ̀. Ó di 20:07 kí YouTube tó kéde /24 tirẹ̀, ó sì di 20:18 kó tó gé e sí /25 méjì kó lè kéré ju ti wọn lọ. PCCW ò gé Pakistan Telecom kúrò títí di 21:01.

Ọgbọ́n /25 yẹn ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ púpọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì ló ń da ohunkóhun tó bá kéré ju /24 lọ nù ní IPv4, àti ohun tó kéré ju /48 lọ ní IPv6. Bí olè bá kéde /24 yín, kò síbi tí ẹ ó sá sí ní ìsàlẹ̀.

Ohun tí ROA ń sọ

ROA jẹ́ ìwé àṣẹ kékeré tí a fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà bu ọwọ́ lù. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: ìdì àdírẹ́sì, ASN tó láṣẹ láti kéde rẹ̀, àti maxLength, ìyẹn bí ASN náà ṣe lè gé ìdì ọ̀hún kéré tó. Ẹni tó ni àdírẹ́sì ló ń kọ ọ́, lọ́dọ̀ àjọ tó pín àdírẹ́sì fún un. Àjọ bẹ́ẹ̀ márùn-ún ló wà láyé: AFRINIC, RIPE NCC, ARIN, LACNIC àti APNIC. Ẹni tó ń ṣe nẹ́tíwọọ̀kì ní Ìbàdàn, Àjàṣẹ́ tàbí Lomé, ọ̀dọ̀ AFRINIC ní Mauritius ni tirẹ̀ wà. Gbogbo ètò náà ló ń jẹ́ RPKI.

Bí ráútà bá gbé ìkéde kan ka iwájú àwọn ROA, èsì mẹ́ta ló lè rí. Valid: ROA wà, ASN bá a mu, ìdì náà ò sì kéré ju bí wọ́n ṣe fàyè gbà lọ. Invalid: ROA wà lórí àdírẹ́sì náà, ṣùgbọ́n ASN tàbí ìwọ̀n ìdì kò bá a mu. NotFound: kò sẹ́ni tó kọ ROA kankan sí i. Àwọn èèyàn máa ń pa èkejì àti ẹ̀kẹta pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Invalid la ń dà nù. NotFound ń kọjá lọ, nítorí ẹni tó bá da NotFound nù ti gé ara rẹ̀ kúrò lára apá ńlá nínú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, bí àwọn ológun ṣe gbàjọba ní Myanmar tí wọ́n ń dí Twitter, ilé-iṣẹ́ Campana kéde 104.244.42.0/24 tó jẹ́ ti Twitter, ìkéde náà sì jáde sí ayé. Twitter ò ní ROA lórí ìdì náà nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, RTComm ti Rọ́ṣíà ṣe irú rẹ̀ gan-an sí ìdì yìí kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí ROA ti wà, Invalid ni ìkéde RTComm, àwọn nẹ́tíwọọ̀kì ńlá dà á nù, kò sì lè jìnnà.

Bí a ṣe ń yẹ ọ̀nà wò

Kò dìgbà tí èèyàn bá ní ráútà kó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí kọ̀ǹpútà tó bá ní whois, àṣẹ tó ń wádìí ẹni tó ni àdírẹ́sì, ẹ tẹ èyí:

whois -h whois.cymru.com " -v 8.8.8.8"

Ó máa dá ASN tó ń kéde àdírẹ́sì náà padà, pẹ̀lú ìdì tó wà nínú rẹ̀: AS15169, 8.8.8.0/24. Ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá gbé ìdì tí ẹ rí lọ sí stat.ripe.net tàbí bgp.tools. Ohun tí ojú yín gbọ́dọ̀ wá níbẹ̀: ṣé ASN kan ló ń kéde rẹ̀ ni àbí méjì? Ṣé ìdì kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀? Kí ni èsì RPKI rẹ̀? Mélòó nínú àwọn ojú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ BGP, tí RIPE NCC gbé káàkiri ayé ló ń rí i? Bí ìdì kan bá jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí ló ń rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Invalid ni, tí àwọn yòókù sì ń dà á nù. Oníbàárà á máa sọ fún yín pé "ó ń ṣí nílé, kò ṣí ní ọ́fíìsì"; ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá looking glass (ojú ìwé tó ń fi ohun tí ráútà ń rí han aráyé) ti ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà sí yín, kí ẹ ka AS path láti ọ̀tún wá sí òsì. ASN yín ló gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún pátápátá. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ojúgbà tí ẹ mọ̀, ìyẹn nẹ́tíwọọ̀kì tí ẹ jọ ń pààrọ̀ ẹrù láìta láìrà. Bí ẹni tí ẹ kò bá ní nǹkan kan pọ̀ bá jókòó síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ń fi orúkọ yín kéde irọ́. Bí ojúgbà yín bá jókòó síbẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì kì í sì í ṣe oníbàárà rẹ̀, ọ̀nà ti jò. Ẹ má gbára lé traceroute, àṣẹ tó ń ka àwọn ráútà tí ẹrù gbà kọjá, nìkan. Bí a ṣe lọ ló ń sọ, kò sọ bí a ṣe bọ̀, ọ̀nà àbọ̀ sì máa ń yàtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Fún ẹni tó ní ráútà, RIPE NCC gbé ìdì méjì kalẹ̀ fún ìdánwò lábẹ́ AS12654: 93.175.146.0/24 jẹ́ Valid, 93.175.147.0/24 jẹ́ Invalid, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá àwọn méjèèjì nínú tábìlì ráútà yín. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èkejì, asẹ́ yín ò ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní ráútà lè lo isbgpsafeyet.com, tó ń gbìyànjú láti ṣí ojú ìwé méjì, ọ̀kan lórí ìdì Valid, ọ̀kan lórí Invalid. Àmọ́ bí ó bá ní ẹ yege, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ilé-iṣẹ́ yín ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń da Invalid nù, kó má jẹ́ iṣẹ́ wọn rárá.

Kíkọ ROA láìṣe ara ẹni léṣe

Lọ́dọ̀ AFRINIC, inú MyAFRINIC, ojú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wọlé sí, la ti ń kọ ROA, ó sì ń fẹ́ ìwé-ẹ̀rí BPKI, tó ń fi hàn pé ẹni tó láṣẹ ló ń wọlé, nínú búráwúsà kó tó jẹ́ kí èèyàn wọlé sí apá RPKI. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ gbogbo ìdì tí ẹ ń kéde sílẹ̀, àti gbogbo èyí tí oníbàárà yín ń kéde látinú ìdì yín pẹ̀lú ASN tirẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ náà látinú ráútà àti láti ìta. Orí nìkan ò tó o.

Ìdì kékeré la ń kọ́kọ́ kọ ROA fún, ìdì ńlá ló ń kẹ́yìn. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní /20, tí ilé-ìfowópamọ́ kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ sì ń fi ASN tirẹ̀ kéde /24 kan látinú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ́kọ́ kọ ROA fún /20 lórúkọ ara rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni /24 ilé-ìfowópamọ́ di Invalid. Ó lè má tó wákàtí kan tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe yín. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju olè lọ.

Ìdẹkùn kejì ni maxLength. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún un, èèyàn á ní kí òun kúkú kọ 24 sí /20 òun, ó lè wúlò lọ́la. Ohun tí onítọ̀hún ṣe nìyí: olè lè kéde /24 látinú ìdì náà, kó fi ASN olóhun sí ìparí ìlà bí ẹni pé òun kàn ń gbé e kọjá, ráútà gbogbo ayé á sì sọ pé Valid. Ìdì olóhun jẹ́ /20, ti olè kéré jù ú lọ, ti olè ló máa borí. RFC 9319, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní RFC, tó jáde ní 2022, sọ ọ́ kedere: ohun tí ẹ ń kéde gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ má fi maxLength ṣe àyè sílẹ̀. Ó yọ ẹni tó ń ra ààbò DDoS (ìkọlù tí a fi ẹrù àpọ̀jù dí nẹ́tíwọọ̀kì) lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ ìkọlù, ilé-iṣẹ́ yẹn lè ní láti fi ASN tirẹ̀ kéde /24 yín, ROA ti ASN náà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Bí kò bá sí, ọjọ́ tí ẹ nílò wọn jù lọ ni ìkéde wọn máa jẹ́ Invalid.

Ẹ wo ọjọ́ ìparí tí ẹ kọ sí ROA náà pẹ̀lú. Bí ó bá parí tí ẹlòmíràn ò bò ó, NotFound ni yóò dà. Nẹ́tíwọọ̀kì ò ní kú, ààbò ni yóò lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ onínẹ́tíwọọ̀kì nílẹ̀ wa nítorí wàhálà AFRINIC. Ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ láti 2021, ó dé ìgbà kan tí ìgbìmọ̀ olùdarí ò pé mọ́, ilé-ẹjọ́ Mauritius sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó àjọ náà ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Àwọn kan wá ń sọ pé, "Bí AFRINIC bá dákú, ṣé ROA wa ò ní pa wá?" Bí ibi ìpamọ́ àjọ kan bá dákẹ́ pátápátá, àwọn ìwé inú rẹ̀ á tán lọ́jọ́, ìdì gbogbo á padà sí NotFound, ìyẹn ibi tí ẹni tí kò ṣe ROA rárá wà lónìí. Kò ní sọ yín di Invalid.

Ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù ni páásíwọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹnì kan wọ inú àkáǹtì Orange ti Sípéènì lọ́dọ̀ RIPE NCC. "ripeadmin" ni páásíwọ́ọ̀dù náà, kò sì sí ìfìdímúlẹ̀ onípele kejì lórí rẹ̀. Ó kọ ROA tí ASN rẹ̀ kì í ṣe ti Orange, ọ̀pọ̀ ìdì Orange di Invalid, àwọn oníbàárà wọn sì wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí bíi mẹ́ta. Kò jí ọ̀nà kankan gbé. Ètò ààbò fúnra rẹ̀ ló lò láti fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Lórí ráútà

Ráútà kì í ka ROA fúnra rẹ̀. Sọ́fíwíà kan lórí sáfà ló ń kó wọn jọ láti ọ̀dọ̀ àjọ márààrún, tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò, tó sì ń fi àbájáde ránṣẹ́ sí ráútà. Routinator, rpki-client àti FORT ni ọ̀pọ̀ ń lò. Routinator kò gbowó lórí, sáfà kékeré tó ní 1GB mẹ́mọ́rì àti 4GB àyè ìpamọ́ tó fún un. Ẹ gbé méjì kalẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ sọ́fíwíà kan náà, kí wọ́n má sì wà lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ ṣí ọ̀nà àbájáde 443 àti 873 fún wọn. Ẹ rí i pé aago sáfà péye, nítorí ìwé-ẹ̀rí ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí: aago tó bá ṣì lè sọ gbogbo ROA di èyí tó ti kọjá.

Lórí FRR, sọ́fíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ráútà, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni pé bgpd, apá rẹ̀ tó ń sọ èdè BGP, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -M rpki. Láìsí i, kò ní mọ àṣẹ rpki rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọ route-map, ìyẹn asẹ́, tó ń da ohun tó bá jẹ́ rpki invalid nù lọ́dọ̀ gbogbo aládùúgbò, títí kan oníbàárà àti ojúgbà. Ẹ jẹ́ kí ráútà tọ́jú ohun tí aládùúgbò sọ kí asẹ́ tó gé e, bí mẹ́mọ́rì bá gbà. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, nígbàkigbà tí ROA bá yí padà ni á máa bẹ aládùúgbò pé kó tún gbogbo rẹ̀ sọ.

Bí sáfà méjèèjì bá kú, gbogbo nǹkan á padà sí NotFound, ẹrù á máa lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà ẹ máa ṣọ́ iye ìlà tí ráútà gbà lọ́dọ̀ wọn. Ó gbọ́dọ̀ lé ní 400,000. Bí ẹ bá rí òdo, oṣù mẹ́ta lè ti kọjá.

Ibi tí ROA ò dé

Láàárín àwọn nẹ́tíwọọ̀kì, òfin owó ló ń ṣe. Oníbàárà ń sanwó fún wa, nítorí náà a ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu ojúgbà, tàbí lẹ́nu ẹni tí à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà wa nìkan là ń sọ ọ́ fún. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ ojúgbà lọ sọ fún ojúgbà mìíràn, ọ̀nà ti jò nìyẹn, a sì ti fẹ́ fi ẹ̀yìn pọn ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò san owó rẹ̀. RFC 7908 ka oríṣi jíjò mẹ́fà.

Àwọn jíjò kan wà tí ROA ń mú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Pennsylvania, DQE, ń lo ẹ̀rọ tó ń gé ìdì àwọn ẹlòmíràn sí wẹ́wẹ́ kó lè darí ẹrù nínú ilé. Àwọn ìdì wẹ́wẹ́ náà jò gba ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀ dé Verizon, Verizon ò sì ní asẹ́ kankan níbẹ̀. Cloudflare pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù rẹ̀ nígbà tó le jù. Ìdì Cloudflare ní ROA tí maxLength rẹ̀ jẹ́ 20, àwọn tó jò jẹ́ /21, Invalid ni wọ́n. Verizon ì bá ti dà wọ́n nù ká ní ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ti MainOne yàtọ̀: ìdì Google jò ní odindi, AS15169 sì wà ní ìparí ìlà bó ṣe yẹ. ROA ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀.

Asẹ́ ló ń mú irú èyí. Àwọn kan máa ń kọ asẹ́ tó ń sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde: Google má jáde, Facebook má jáde. Ìyẹn máa já lọ́jọ́ tí ojúgbà tuntun bá dé. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ohun gbogbo tó bá wọlé gba àmì community lẹ́nu ọ̀nà. Bí ASN yín bá jẹ́ 64500, oníbàárà lè gba 64500:100, ojúgbà 64500:200, ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ 64500:300. Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde sí ojúgbà àti sókè, kìkì ohun tó bá ní 64500:100 àti ìdì tiyín ló ń kọjá. Ohun tí kò bá ní àmì dúró sílé. RFC 8212 ti 2017 tilẹ̀ sọ pé bí kò bá sí asẹ́ rárá lórí aládùúgbò kan, ráútà ò gbọ́dọ̀ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun. FRR ń pa á mọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́ ṣì ń ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Lálẹ́ àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ ti BGP aládùúgbò náà pa, ẹ fi asẹ́ sí i, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ ka iye ìdì tí ẹ ń kéde fún un ṣáájú àti lẹ́yìn pẹ̀lú àṣẹ advertised-routes. Bí 40 bá di 250, ẹ tì í padà, ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ẹni tó ń gbà náà ní iṣẹ́. Ó lè fi irinṣẹ́ bgpq4 fa ìdì oníbàárà jáde láti inú IRR, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọ̀nà tó wà ní gbangba (ká ní ASN oníbàárà jẹ́ 64501):

bgpq4 -4 -l ONIBARA-IN AS64501

Ó lè fi òdiwọ̀n max-prefix sí i: bí oníbàárà bá ń kéde ìdì 12, tí òdiwọ̀n sì jẹ́ 20, jíjò 200 á já okùn náà fúnra rẹ̀. Ó sì lè kọ asẹ́ tó rọrùn jù lọ nínú gbogbo wọn: ìkéde tó bá ti ọ̀dọ̀ oníbàárà wá tí AS15169 tàbí nẹ́tíwọọ̀kì ńláńlá bíi tirẹ̀ bá wà nínú ìlà rẹ̀, da á nù. Google kì í gba ẹ̀yìnkùlé ilé-iṣẹ́ agbègbè rìn lọ sí ayé. Ìlà kan péré lórí ráútà China Telecom ì bá ti pa ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn rẹ́.

RFC 9234 ti 2022 tún fi ohun tó ń jẹ́ role kún BGP. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó jẹ́ sí èkejì, olùtà, oníbàárà tàbí ojúgbà; bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, wọn ò ní so pọ̀. Ọ̀nà tó bá wá láti òkè tàbí láti ọ̀dọ̀ ojúgbà á gba àmì OTC tó ń sọ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló lè lọ. Lórí BIRD, sọ́fíwíà ráútà mìíràn, ìlà kan ni: local role customer. FRR náà ní tirẹ̀, local-role. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn án.

Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ni ASPA, tí IETF, àjọ tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó jọ ROA, ṣùgbọ́n ASN ló ń bu ọwọ́ lu orúkọ àwọn olùtà tí òun ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Ẹ padà sí ìlà wa: 20485 4809 37282 15169. Ká ní Google ti bu ọwọ́ lu àkójọ tirẹ̀, 37282 ò ní sí nínú rẹ̀, nítorí Google ò ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ MainOne. Ráútà China Telecom á kà á láti ọ̀tún: 15169 fà á fún 37282, 37282 sì ń gbé e wá sókè; ìyẹn ò tọ́, àfi bí 37282 bá jẹ́ olùtà fún 15169. Kò sí nínú àkójọ. Invalid, ibẹ̀ ni ìrìn náà á parí sí, MainOne ì báà má mọ̀ pé ASPA wà.

Àkójọ yẹn ni àwọn onínẹ́tíwọọ̀kì wa gbọ́dọ̀ fi sùúrù ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lójú kan nítòsí Abidjan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ olùtà tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́ lèèyàn ń sá lọ. Bí ASN olùtà náà ò bá sí nínú ASPA, ìkéde tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde á di Invalid lójú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ ní àdéhùn pàjáwìrì pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkójọ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bu ọwọ́ lùwé, kí orúkọ rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí.